Iṣan Ọkàn Tí Ó Ṣìnà

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹjọ ọdún 1989, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà àti ti Àǹgólà pàdé ní Pápá Ìṣeré Àpapọ̀ tí ó wà ní Sùúrùlérè, ní ìlú Èkó. Ọ̀nà àtidé ibi ìdíje Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti ọdún 1990 ni wọ́n ń bá ara wọn dù. Nígbà tí eré wọ ìṣẹ́jú kẹtàdínlọ́gọ́rin, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà ṣubú lulẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbá a. Samuel Okwaraji ni orúkọ rẹ̀. Ẹni ọdún 25 ni. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù nìkan ni ó mọ̀. Amòfin ni, ó ti kẹ́kọ̀ọ́ òfin dé ìlú Róòmù. Wọ́n sáré gbé e kúrò lórí pápá, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Nígbà tí ọ̀dọ́ bá kú ikú òjijì bẹ́ẹ̀, kì í pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó di ti ayé àti ti ọ̀tá. Ẹni tí ń sáré ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn, tí kò dùbúlẹ̀ àìsàn, tí kò tilẹ̀ sọ pé orí ń fọ́ òun, kí ni ó tún lè pa á bí kò ṣe àfọwọ́fà? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀, nítorí pé ojú kò rí ohun tí ó wà nínú àyà. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tí àwọn dókítà ṣe sí òkú Okwaraji fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bí ó ti yẹ lọ, àti pé ó ní àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀tá rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì bá a wọ orí pápá.

Ọkàn tí ó tóbi jù jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ń pa eléré ìdárayá lójijì. Òmíràn wà tí ó ṣòro láti fura sí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkàn náà lè má tóbi, ìró rẹ̀ lè dún geere, síbẹ̀ kí iṣan tí ń gbé oúnjẹ lọ fún un ti gba ọ̀nà tí kò yẹ láti inú oyún wá. Irú iṣan bẹ́ẹ̀, àti ẹ̀rọ kan tí ń jẹ́ kí a rí ọ̀nà tí ó gbà láìfi ọ̀bẹ kan ara, ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Ọkàn ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ẹ̀ṣẹ́ tí ó bá di lọ. Ẹran ni, ṣùgbọ́n ẹran tí kì í sinmi ni. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo a máa lù tó ìgbà 100,000. Apá òsì rẹ̀ ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ tí ó mọ́ jáde sínú iṣan ńlá kan tí a lè pè ní olú-iṣan. Olú-iṣan yìí ni ìyá gbogbo iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ kiri: ara rẹ̀ ni àwọn ẹ̀ka ti ń yà lọ sí orí, sí apá, sí ikùn àti sí ẹsẹ̀. Ẹlòmíràn lè rò pé ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá tọ̀sán-tòru kò lè wá ẹ̀jẹ̀ tì láti fi bọ́ ara rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé ilé-ìfowópamọ́ a máa ka owó ńláńlá láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ mú kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀. Ó di ìparí oṣù kí wọ́n tó san tirẹ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹran ọkàn. Ẹ̀jẹ̀ tí ń kọjá nínú rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ dúró de ìpín tí a bá gbé wá fún un.

Ìpín yìí ń gba inú iṣan kéékèèké méjì wá. Àwọn ni ẹ̀ka àkọ́kọ́ tí ó yà lára olú-iṣan, kété tí olú-iṣan bá ti jáde kúrò nínú ọkàn, lókè ìlẹ̀kùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ padà sẹ́yìn. Ọ̀kan yà ní apá ọ̀tún, èkejì yà ní apá òsì. Ti apá òsì ni ẹrù rẹ̀ wúwo jù: kì í rìn jìnnà tí ó fi pín sí méjì, tí ẹ̀ka kan sọ̀kalẹ̀ gba iwájú ọkàn, tí èkejì sì yí gba ẹ̀gbẹ́ lọ sí ẹ̀yìn. Ìbú iṣan wọ̀nyí kò ju nǹkan bíi mílímítà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ wọn, kò ju igi ìṣáná méjì tí a so pọ̀. Ohun tí ó tó báyìí ni ẹ̀mí ènìyàn rọ̀ mọ́.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú ara. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ó tó bí ẹnì kan tí iṣan ọkàn rẹ̀ kò yà láti ibi tí ó yẹ, tàbí tí kò gba ọ̀nà tí ti àwọn ẹlòmíràn ń gbà. Púpọ̀ nínú irú ẹni bẹ́ẹ̀ a máa dàgbà, a bímọ, a di arúgbó, a kú ikú mìíràn, kò sì ní mọ̀ láé pé iṣan òun yàtọ̀. Iṣan òsì lè yà láti apá ọ̀tún, kí ó gba ẹ̀yìn olú-iṣan yí ká lọ sí àyè rẹ̀. A kì í sábà rí ewu níbẹ̀. Ó sì lè gba iwájú iṣan ńlá kejì, èyí tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ìyẹn náà kì í sábà ṣe ènìyàn ní ibi.

Ibi tí ewu wà ni àárín. Olú-iṣan àti iṣan tí ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró dúró ti ara wọn pẹ́kípẹ́kí. Bí iṣan òsì bá yà láti apá ọ̀tún, tí ó sì gba àlàfo tóóró tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì, ó dàbí ọmọdé tí ó gun kẹ̀kẹ́ wọ àárín ọkọ̀ akẹ́rù méjì ní Ojúẹlẹ́gba. Bí ọkọ̀ méjèèjì bá dúró jẹ́ẹ́, ọmọ náà lè yọ́ kọjá. Bí wọ́n bá ṣí, Ọlọ́run ni ó lè kó o yọ. Ní ti iṣan yìí, ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ burú ju àpèjúwe yìí lọ, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà inú ògiri olú-iṣan gan-an ni ó ń gbà fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀ kí ó tó yọ síta. Ẹnu rẹ̀, tí ó yẹ kí ó rí róbótó, a tẹ́ bí ihò àpótí tí a ń ju lẹ́tà sí.

Nígbà tí ẹni tí ó ni irú iṣan bẹ́ẹ̀ bá jókòó, tàbí tí ó ń rìn jẹ́jẹ́, ẹ̀jẹ̀ tí ó ń kọjá tó fún un. Ìṣòro dé nígbà tí ó bá ń sáré tagbára-tagbára. Ẹran ọkàn ń béèrè ẹ̀jẹ̀ sí i. Olú-iṣan ń wú nítorí ipá ẹ̀jẹ̀ tí ń rọ́ wọ inú rẹ̀, ògiri rẹ̀ ń nà, ẹnu iṣan tí ó ti tẹ́ tẹ́lẹ̀ a sì túbọ̀ tẹ́ sí i. Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Nígbà tí ọkàn bá fún ara rẹ̀ pọ̀ láti ti ẹ̀jẹ̀ jáde, ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí àyè wọ inú ẹran apá òsì rẹ̀. Ìgbà tí ó bá dẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ ni ó ń jẹun. Bí ọkàn bá sì ti ń yára lù sí i, àkókò ìdẹra yìí ni ó ń kúrú sí i. Nítorí náà, ìgbà tí ebi ń pa á jù ni àyè àtijẹun kéré jù. Ẹran ọkàn tí ebi bá pa dé ojú ikú a máa gbàgbé ìlù rẹ̀. Dípò kí ó lù ní ìṣọ̀kan, a máa gbọ̀n rìrìrìrì, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní dé ọpọlọ mọ́. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ẹni náà a ṣubú.

Ní ọdún 2000, àwọn dókítà láti Ítálì àti Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọ̀dọ́ eléré ìdárayá 27 tí irú iṣan bẹ́ẹ̀ pa. Ti apá òsì ni ó ṣìnà lára 23 nínú wọn, ti apá ọ̀tún ni ó ṣìnà lára 4. Gbogbo wọn ni ó kú nígbà tí wọ́n ń ṣe eré tàbí kété lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó ba ni lẹ́rù jù nínú ìròyìn náà ni pé àwọn kan nínú wọn ti wà níwájú dókítà kí ọjọ́ ikú wọn tó pé. Mẹ́sàn-án ni a ti fi ẹ̀rọ tí ń ya ìlù ọkàn sórí ìwé yẹ̀ wò ní ìjókòó, ti mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sì dára. Mẹ́fà ni a ti fi ẹ̀rọ náà yẹ̀ wò nígbà tí wọ́n ń lo agbára, ti mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì dára. Ìwé kò purọ́, dókítà kò sì ṣe àìbìkítà. Ibi tí wọ́n ń wò kọ́ ni ọ̀ràn wà.

Ó lè pẹ́ púpọ̀ kí irú àṣírí bẹ́ẹ̀ tó tú. Pete Maravich jẹ́ gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà nínú eré bọ́ọ̀lù tí a ń fi ọwọ́ jù sínú àwọ̀n tí a so rọ̀. Ọdún mẹ́wàá ni ó fi ṣe é gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́, láti 1970 títí di 1980, ní àárín àwọn tí wọ́n lè sáré jù ní orílẹ̀-èdè náà. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kìn-ín-ní ọdún 1988, nígbà tí ó ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣeré lásán, ó ṣubú, ó sì kú ní ẹni 40 ọdún. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò, wọn kò bá iṣan òsì rárá nínú ọkàn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i. Iṣan ọ̀tún nìkan ṣoṣo ni ó ti ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì láti ìgbà èwe rẹ̀ títí di ọjọ́ tí kò lè ṣe é mọ́.

Báwo wá ni a ṣe lè rí ọ̀nà tí iṣan gbà lára ẹni tí ó wà láàyè? Ohun-èlò tí dókítà ń fi sí etí tí ó sì ń gbé kan àyà ènìyàn kò lè sọ ọ́, nítorí pé ìró ìlẹ̀kùn ọkàn ni ó ń gbọ́, iṣan tí ó ṣìnà kì í sì í pariwo. Ẹ̀rọ kan wà tí ń rán ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ sínú àyà, tí ó sì ń fi bí ìró náà ti ń padà wá ya àwòrán ọkàn. Ẹ̀rọ yìí dára, kò léwu, òun ni a sì ń kọ́kọ́ lò. Lára ọmọdé, a máa fi ẹnu iṣan méjèèjì hàn lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti ń dàgbà tí àyà rẹ̀ ń fẹ̀, egungun àti afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró a máa dínà mọ́ ìró náà.

Ọ̀nà kejì ti pẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1958, ní ilé-ìwòsàn Cleveland ní Amẹ́ríkà, dókítà kan tí ń jẹ́ Mason Sones ti ọ̀pá rírọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba inú iṣan apá aláìsàn dé inú olú-iṣan, ó sì fẹ́ tú oògùn tí ń jẹ́ kí ẹ́síréè rí ẹ̀jẹ̀ sí ibẹ̀. Láìròtẹ́lẹ̀, ẹnu ọ̀pá náà yọ̀ wọ inú iṣan ọkàn tí ó wà lápá ọ̀tún, oògùn sì tú sínú rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ní àkókò náà gbà pé ohun tí ó lè pa aláìsàn ni. Ọkàn rẹ̀ dúró díẹ̀, dókítà ní kí ó wúkọ́, ọkàn sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Láti ìgbà náà ni a ti ń mọ̀ọ́mọ̀ ya àwòrán iṣan ọkàn báyìí, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn sì ti jàǹfààní rẹ̀. Bí iṣan bá dí níbì kan, a máa hàn kedere.

Ṣùgbọ́n òjìji ni àwòrán ẹ́síréè. Kí ènìyàn ronú àwọn ọmọ méjì tí wọ́n dúró níwájú fìtílà ní alẹ́, tí òjìji wọn wà lára ògiri. Ẹni tí ó bá ń wo ògiri nìkan lè mọ̀ pé ọmọ méjì ni wọ́n. Kò lè fi bẹ́ẹ̀ mọ èyí tí ó wà níwájú nínú wọn àti èyí tí ó wà lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ iṣan tí ó ṣìnà dúró lórí iwájú, ẹ̀yìn àti àárín. Ẹni tí iṣan rẹ̀ gba ẹ̀yìn olú-iṣan lè máa bá bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ. Ẹni tí tirẹ̀ gba àárín lè ṣubú kí eré tó parí. Níbi tí òjìji ti lè ṣi dókítà lọ́nà ni ẹ̀rọ MRI ti wúlò.

Paul Lauterbur ti Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ fi hàn ní 1973 pé a lè fi òòfà àti ìgbì rédíò ya àwòrán. Peter Mansfield ti Nottingham ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì mú iṣẹ́ náà yá kánkán. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gba Ẹ̀bùn Nobel ti ìṣègùn ní 2003. Ohun tí wọ́n rí kò ṣòro púpọ̀ láti lóye. Ó ju ìdajì ara ènìyàn lọ tí ó jẹ́ omi, háídrójìn sì wà nínú gbogbo ẹ̀kán omi. Ọkọ̀ọ̀kan nínú kóró háídrójìn ń ṣe bí òòfà kékeré. Ní ojoojúmọ́ olúkúlùkù wọn kọjú sí ibi tí ó wù ú, bí èrò ọjà. Bí a bá gbé ènìyàn sínú òòfà tí ó ní agbára gidigidi, díẹ̀ nínú wọn a tò sí ọ̀nà kan náà, bí ọmọ ilé-ìwé tí aago ti lù fún. Ẹ̀rọ a wá fi ìgbì rédíò tì wọ́n ṣubú. Nígbà tí ìgbì náà bá dákẹ́, wọn a máa dìde padà, bí wọ́n sì ti ń dìde ni wọ́n ń fọhùn, ohùn rédíò tí ó rẹlẹ̀ púpọ̀. Ẹ̀rọ ń gbọ́ ohùn náà. Ọ̀rá, ẹran àti ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn kì í dìde bákan náà, nítorí náà ohùn wọn yàtọ̀. A sì ti mú kí agbára òòfà yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn, kí kọ̀ǹpútà lè mọ ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan ti wá. Nínú ìṣirò yìí ni àwòrán ti ń jáde, kò sì sí ìtànṣán ẹ́síréè kankan níbẹ̀.

Òòfà tí a ń lò fún ọkàn ju ti ilẹ̀ ayé, èyí tí ń darí abẹ́rẹ́ atọ́nà àwọn atukọ̀, lọ ní ìlọ́po 30,000 ó kéré tán. Láti ní irú agbára bẹ́ẹ̀, a ní láti fi gáàsì hílíọ̀mù tí a sọ di olómi mú wáyà inú rẹ̀ tutù dé ìwọ̀n 269 lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Òtútù tí ń sọ omi di yìnyín kò jẹ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, yíya àwòrán ọpọlọ, tí ó dúró jẹ́ẹ́ nínú agbárí, kò dàbí yíya ti iṣan ọkàn. Iṣan yìí tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rá yí i ká, ó sì ń fò sókè sódò pẹ̀lú gbogbo ìlù ọkàn àti gbogbo èémí. Ẹni tí ó bá ti gbìyànjú láti ya fọ́tò ọmọdé tí ń jó yóò mọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ ta ni pé wọ́n lẹ ohun tí ń gbọ́ ìlù ọkàn mọ́ àyà ẹni náà, ẹ̀rọ sì ń dúró de àkókò kúkúrú tí ọkàn dẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, kí ó tó gba ohùn díẹ̀. Lẹ́sẹ̀ kan náà ó ń ṣọ́ awọ tí ó ya àyà kúrò lára ikùn. Bí awọ náà kò bá sí ní ipò tí ó yẹ nítorí èémí, ẹ̀rọ a da ohun tí ó gbà nù, a sì dúró de ìlù mìíràn. Èyí-jẹ-èyí-ò-jẹ báyìí ni yóò ṣe fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlù ọkàn, títí àwọn wóówòòwó tí ó ṣà jọ yóò fi di odindi àwòrán. Ẹni tí ó bá ń wá iṣẹ́ tí orúkọ Sùúrùlérè bá mu, kó wá síbí.

Ẹni tí a fẹ́ yẹ̀ wò yóò kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè púpọ̀, kò sì gbọdọ̀ rò pé wọ́n ń tọpinpin òun. Ǹjẹ́ irin wà nínú ara rẹ̀? Ǹjẹ́ a ti fi ẹ̀rọ sínú àyà rẹ̀ rí láti máa ti ọkàn rẹ̀? Ǹjẹ́ ẹ̀rún irin ti ta sí i lójú rí níbi iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ tàbí ti ajórinmọ́rin? Yóò bọ́ aago, òrùka, bẹ́líìtì àti kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Eré kọ́ ni èyí. Ní ọdún 2001, ní ìpínlẹ̀ New York, wọ́n gbé àgbá irin tí a rọ afẹ́fẹ́ sí wọ inú yàrá náà nígbà tí ọmọ ọdún mẹ́fà kan wà nínú ẹ̀rọ. Òòfà já àgbá náà gbà, ó fò lọ bá ọmọ náà, ó sì ṣe ikú pa á. Bí ó bá ti bọ́ lọ́wọ́ irin, ẹni náà yóò dùbúlẹ̀ lórí pátákó tóóró, a ó sì tì í wọ inú ihò gbọọrọ. Ibẹ̀ há, ẹ̀rọ náà sì ń dún kì-kì-kì bí ẹni ń fi òòlù lu páànù. Nítorí náà a máa ń dí i létí, a sì ń fi agogo kékeré lé e lọ́wọ́, bí ẹ̀rù bá bà á kí ó lè pè. Iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kí ó má mira. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìyẹn gan-an ni ó ṣòro jù.

Ní 1995, ẹgbẹ́ àwọn dókítà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tẹ iṣẹ́ wọn jáde lórí ọ̀ràn yìí. Àwọn tí ẹ́síréè ti fi hàn pé iṣan ọkàn wọn ṣìnà ni wọ́n gbé wọ inú ẹ̀rọ MRI. Ẹgbẹ́ méjèèjì rí i pé àwòrán òòfà lè sọ ibi tí iṣan náà ti yà àti ọ̀nà tí ó gbà láàárín àwọn iṣan ńlá, títí kan àwọn tí òjìji ẹ́síréè ti fi sílẹ̀ nínú iyèméjì. Àwòrán náà ṣeé yí sọ́tùn-ún, ṣeé yí sósì, ṣeé gé wò bí a ti ń gé búrẹ́dì. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ dókítà ọkàn Amẹ́ríkà tẹ ìlànà wọn jáde ní 2018 fún àwọn àgbà tí a bí pẹ̀lú àléébù ọkàn, wọ́n ka MRI mọ́ àwọn ọ̀nà mẹ́ta tí ó yẹ láti fi yẹ irú iṣan bẹ́ẹ̀ wò.

Òtítọ́ gbọ́dọ̀ di sísọ: ẹ̀rọ CT, tí òun náà jẹ́ irú ẹ́síréè kan tí ń yí ènìyàn ká, yára ju MRI lọ, àwòrán iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ sì máa ń mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ jù. Ó wọ́pọ̀ kí dókítà yàn án. Ohun tí ó mú kí MRI ní àyè tirẹ̀ ni pé kò sí ìtànṣán tí ó lè pa ọ̀dọ́ lára nínú rẹ̀, pàápàá ọ̀dọ́ tí a lè ní láti yẹ̀ wò léraléra. Ó tún ní ohun mìíràn tí ó sọ ju ọ̀nà lọ. Ní orí pátákó kan náà, a máa fi hàn bí ẹran ọkàn ti ń fún ara rẹ̀ tó, apá ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé dáadáa nígbà tí a bá fi oògùn mú ọkàn ṣiṣẹ́, àti ojú àpá tí ó bá wà níbi tí ẹran náà ti kú rí láìjẹ́ pé ẹni tí ó ni í mọ̀.

Láti wá àléébù ọkàn kí eré tó bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe àlá. Ítálì ti sọ ọ́ di òfin ní 1982 pé a gbọ́dọ̀ yẹ eléré ìdárayá wò kí ó tó díje. Ilẹ̀ náà ni Nwankwo Kanu lọ ní 1996, lẹ́yìn tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gba góòlù Olímpíìkì ní Atlanta. Nígbà tí ẹgbẹ́ Inter ti Milan yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ìlẹ̀kùn tí ó wà lẹ́nu olú-iṣan rẹ̀ ní àléébù. Ìlẹ̀kùn ni tirẹ̀, kì í ṣe iṣan tí ó ṣìnà. Ṣùgbọ́n a bá a kí ó tó pa á. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Cleveland, ìlú kan náà tí ọ̀pá Sones ti yọ̀. Ní 1997 ó padà sórí pápá. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì ọdún 2000, ó gbá àṣekágbá Ife-Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Sùúrùlérè, lórí pápá tí Okwaraji ti ṣubú. Kamẹrúùnù ni ó gba ife náà lọ́wọ́ Nàìjíríà, Kanu sì pàdánù bọ́ọ̀lù kan tí ó yẹ kí ó wọlé ní ìparí eré. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú sí i lọ́jọ́ náà, wọ́n gbàgbé pé alààyè ni a ń bínú sí. Ọdún yẹn náà ni ó dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa ran àwọn ọmọ tí ọkàn wọn ní àléébù lọ́wọ́.

Ọ̀dọ́ Sùúrùlérè tí ó bá ń dákú nígbà tí ó ń sáré, tàbí tí àyà ń dùn ún lórí pápá, kò jìnnà sí dókítà; Ilé-Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ ti Yunifásítì Èkó wà ní Ìdí-Àràbà nítòsí ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni ó le díẹ̀. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2018 ka gbogbo ẹ̀rọ MRI tí ó wà ní orílẹ̀-èdè 16 ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí ó ju ènìyàn 370,000,000 lọ ń gbé. Ẹ̀rọ 84 ni wọ́n rí. Nàìjíríà ni 58 nínú wọn wà. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ti Nàìjíríà ni òòfà wọn kò lágbára, nítorí pé irú wọn kò nílò hílíọ̀mù, wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ jẹ iná mànàmáná. Ní ilẹ̀ tí iná kò dúró, ọgbọ́n wà nínú irú rírà bẹ́ẹ̀. Wọ́n wúlò fún ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bí òòfà bá ti kéré, ohùn tí ń ti inú ara jáde náà kéré, kò sì ní tó láti ya iṣan tí kò ju igi ìṣáná méjì lọ, tí ó tún ń jó. Nítorí náà, dókítà tí ó bá kọ ìwé pé kí a lọ fi MRI yẹ iṣan ọkàn wò gbọ́dọ̀ mọ irú ẹ̀rọ tí ó wà níbi tí ó ń rán ni lọ.

Bí àwòrán bá wá fi hàn pé iṣan òsì gba àárín, àwọn dókítà a máa gbà pé iṣẹ́ abẹ ni ó yẹ, kí ẹni náà sì fi eré agbára sílẹ̀ títí a ó fi ṣe é. Bí ó bá jẹ́ ti ọ̀tún ni ó gba àárín, tí ẹni náà kò sì mọ ohunkóhun lára, wọn kì í sábà fẹnu kò. Òmíràn a ní kí a gé e, òmíràn a ní kí a máa ṣọ́ ọ, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí ń dé inú ẹran ọkàn nígbà iṣẹ́ ni wọ́n sì ń fi ṣe ìdájọ́. Iṣẹ́ abẹ tí ó wọ́pọ̀ fún èyí tí ń gba inú ògiri rọrùn láti ṣàpèjúwe, bí kò tilẹ̀ rọrùn láti ṣe. Dókítà yóò la olú-iṣan, yóò sì ti inú rẹ̀ la ògiri tí ó bo iṣan náà mọ́lẹ̀, bí ẹni tí ó ká òrùlé kúrò lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹnu tí ó ti tẹ́ a wá gbòòrò, a sì bọ́ sí ibi tí kò ti sí ohun tí ó fún un mọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹni náà yóò sinmi fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. A ó tún mú un lo agbára níwájú ẹ̀rọ tí ń ya ìlù ọkàn, a ó sì tún àwòrán rẹ̀ yà. Bí àyà kò bá dùn ún, tí ìlù ọkàn rẹ̀ kò yí padà, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń dé gbogbo ẹran ọkàn, dókítà lè gbà fún un láti padà sórí pápá.